Gbogbo wa la mọ ṣọ́jà tó gba máìkì, ta ló rántí ẹni tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù?

Ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin mọ Táíwò bí ẹní mowó. Táíwò Òkè ni o, Táíwò Ìsàlẹ̀ ni o, kò sí ọlọ́kọ̀ kọ́rọ́pẹ́ tí kì í pariwo orúkọ náà láìmọye ìgbà lóòjọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo wọkọ̀ ní Post Office, ọmọkùnrin kan tó jókòó tì mí, tó jọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, bi awakọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni Táíwò yìí gan-an? Kẹ́hìndé rẹ̀ ńkọ́?” Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà ní, “Àbúrò, èmi ò mọ̀ ọ́n o. Bí a ṣe bá a nìyẹn.”

Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Táíwò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì náà ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo, ẹni tó di gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Kwara ní 1975. Kò lò tó oṣù méje lórí àlééfà tí wọ́n fi pa á lọ́jọ́ 13, oṣù Kejì, 1976, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n yìnbọn pa olórí orílẹ̀-èdè, Ọ̀gágun Murtala Muhammed, ní Èkó.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Lẹ́fútẹ́nántì Kọ́nẹ́ẹ̀lì Buka Suka Dimka wọ ilé-iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà ní Ìkòyí, ó ka ọ̀rọ̀ sórí afẹ́fẹ́ pé ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn. Ó kéde òfin kónílé-ó-gbélé láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìyẹn àkókò tí gbogbo ayé ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn kiri gan-an. Lẹ́yìn náà, orin bẹ́ńdì ṣọ́jà ló kù tí wọ́n ń gbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìdìtẹ̀ náà ti fọ́ mọ́ ọn lórí.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe ń ṣe kòńgẹ́. Ọjọ́ 13, oṣù Kejì yìí kan náà ni àjọ UNESCO yàn ní 2011 pé kó máa jẹ́ Ọjọ́ Rédíò Lágbàáyé, nítorí pé ọjọ́ yẹn ní 1946 ni wọ́n dá rédíò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀. Lọ́dọọdún tó bá pé, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò á ṣàjọyọ̀, wọ́n á gé àkàrà òyìnbó, wọ́n á ya fọ́tò. Kò burú. Ṣùgbọ́n nílùú tí wọ́n ti pa gómìnà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí àwọn aráàlú sì ti ara rédíò mọ̀ pé ayé ti dojú rú, ó yẹ kí ọjọ́ ọ̀hún ju ọjọ́ àkàrà lọ.

Ohun tó máa ń jẹ mí lọ́kàn nípa àwọn ìdìtẹ̀gbàjọba wọ̀nyẹn rèé. A mọ orúkọ àwọn ṣọ́jà tó wá ka ìwé. Nzeogwu ní Kaduna lọ́jọ́ 15, oṣù Kìíní, 1966. Joe Garba lọ́jọ́ 29, oṣù Keje, 1975. Sani Abacha lọ́jọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1983. Gideon Orkar lọ́jọ́ 22, oṣù Kẹrin, 1990. Wọ́n ti wọ ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rédíò kì í dá sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ló máa tan máìkì, ẹnìkan ló máa wo ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, ẹnìkan ló máa gbé rẹ́kọ́ọ̀dù orin ṣọ́jà sórí ẹ̀rọ, tó bá sì tán, òun náà ló máa dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà síbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba lásán ni ẹni náà. Ó gbé fúláàsì oúnjẹ rẹ̀ wá síbi iṣẹ́ alẹ́ ni, kò sì mọ̀ pé ìbọn lòun máa bá pàdé. Ta ló kọ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀?

Àwọn èwe òde òní á ní dííjè ni. Àwọn àgbà máa ń pè wọ́n ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Nígbà náà, iṣẹ́ méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo lọ́pọ̀ ìgbà: òun ló ń kí wa kú àárọ̀, òun ló ń sọ iye tí aago lù, òun ló ń yan orin, òun náà ló sì ń ka ohun tí ìjọba bá gbé wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀gbàjọba nìkan ló wà nínú rédíò ayé ológun. Tí a bá ro ọdún tí àwọn ṣọ́jà fi ṣèjọba lórílẹ̀-èdè yìí pọ̀, láti 1966 sí 1979 àti láti ìparí 1983 sí 1999, ó tó bí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ní gbogbo àkókò yẹn, ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ló ń ka òfin ológun, òun náà ló sì ń gbé orin dadakúàdà Ọdọlayé Àrẹ̀mú sáfẹ́fẹ́. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ pé wọ́n ti rí oṣù Ramadan, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ìkéde òkú. Ààrin òfin kan sí òfin kejì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á fi orin sí i, á ṣe àwàdà díẹ̀, kí ọkàn àwọn aráàlú lè balẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó sì léwu, torí ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lè sùn sí àtìmọ́lé.

Ìpínlẹ̀ Kwara fúnra rẹ̀, etí la fi gbọ́ ìbí rẹ̀. Lọ́jọ́ 27, oṣù Karùn-ún, 1967, Yakubu Gowon bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún tiwa lédè òyìnbó ni West Central State, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di Kwara. Lọ́jọ́ 3, oṣù Kejì, 1976, Murtala kéde ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún, ilẹ̀ Ígálà kúrò lára Kwara bọ́ sí Benue. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà ni wọ́n pa òun àti Taiwo. Nígbà tó di 1984, ọmọ Ìlọrin fúnra rẹ̀, Ọ̀gágun Tunde Idiagbon, ni ohùn rẹ̀ gba orí afẹ́fẹ́ kan nígbà tí wọ́n gbé ètò Ogun Ìwà Ìbàjẹ́ kalẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WAI. Àwọn òbí wa sọ fún wa pé tí bàbá náà bá ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àwọn èèyàn á tò sórí ìlà bí ẹni pé ó ń wò wọ́n látinú ẹ̀rọ. Ọdún 1999 ni Idiagbon kú. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ń sọ, tí kò bá gbọ́ ohùn náà rí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ó tilẹ̀ tì mí lójú láti sọ ọ́.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa, opó ni wọ́n. Ọkọ wọn ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kó tó fẹ̀yìntì. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ fẹ́ kun ilé náà, ni ìyá bá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, “Lọ́yà, ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀wé, bá mi wo àwọn nǹkan bàbá yìí. Àwọn ọmọ ní ká kó o dànù, ọkàn mi ò gbé e.” Páálí méjì ni, ó kún fún kásẹ́ẹ̀tì. Téèpù ńláńlá mẹ́fà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó rí roboto bí àwo ọbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé rédíò nígbà náà. Bàbá náà ti fi báírò kọ ọjọ́ àti orúkọ ètò sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára kásẹ́ẹ̀tì kan tó jẹ́ ti 1984, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: “Ẹ má gba nǹkan mìíràn sí i.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwàǹwára ni mo fi ba tèmi jẹ́. Mo yá ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, mo ki kásẹ́ẹ̀tì 1984 yẹn bọ̀ ọ́. Ohùn bàbá jáde. Ó kí wa, ó sọ aago, ó ní kí àwọn tó ń lọ sọ́jà má gbàgbé láti tò sórí ìlà, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín tí kò fẹ́ kí ọ̀gá rí òun. Ó ní òun fẹ́ fi àwo orin kan sí i. Kò tíì dárúkọ olórin náà tán tí ohùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ni ẹ̀rọ bá gbé téèpù mì. Nígbà tí màá fi yọ ọ́, ó ti lọ́, ó ti já sí mẹ́rin. Ìyá wà lórí ìjókòó níwájú mi. Wọn ò sọ nǹkankan. Wọ́n kàn ní, “Bàbá rẹ nìyẹn.”

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo lọ kọ́ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Téèpù kì í ṣe nǹkan ayérayé. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi nǹkan bíi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́. Inú ìyẹ̀fun irin yẹn ni ohùn wà. Tí ọ̀rinrin òjò bá ń wọ ọ́ lọ́dọọdún, gọ́ọ̀mù náà á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ooru òrùlé páànù Ìlọrin lọ́wọ́ ọ̀sán, eruku ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ níkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá wá gbé irú téèpù bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ láìtọ́jú rẹ̀, ṣe ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ohùn náà dànù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń nù ún, wọ́n máa ń fi ooru díẹ̀díẹ̀ gbẹ ẹ́, wọ́n á wá gbé e sórí ẹ̀rọ tó dára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà á sì máa gbà á sílẹ̀. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú: téèpù wákàtí kan, wákàtí kan gbáko lẹ máa fi dà á. Ní 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ohùn lágbàáyé pariwo síta pé ẹ̀rọ tó ń lo téèpù yìí ń tán lọ, pé bó bá fi máa di nǹkan bíi 2025, ohun tí wọn ò bá tíì dà sínú kọ̀ǹpútà lè má ṣeé gbọ́ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n dá ti dé, ó ti kọjá.

Ọ̀tá kejì ni àìlówó. Téèpù wọ́n láyé ọjọ́un, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn kárí ayé ló ń pa ètò àná rẹ́ kí wọ́n lè gba ti òní sí i. BBC tí gbogbo wa ń fi ṣe àwòkọ́ṣe náà ṣe é. Eré wọn tí wọ́n ń pè ní Doctor Who, ìpín tó lé ní àádọ́rùn-ún ló ti sọnù. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí erinmi, kí ni ti ẹja?

Àmọ́ àwọn kan ti ṣe tiwọn tó yọrí sí rere. Àwọn ológun Amẹ́ríkà dá rédíò tiwọn sílẹ̀ ní 1942, láàárín Ogun Àgbáyé Kejì, kí àwọn ọmọ ogun tó wà lókè òkun lè máa gbọ́ orin ilé. Adrian Cronauer wà lára àwọn tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù níbẹ̀. Òun ló ń jí àwọn ṣọ́jà lójú oorun nílùú Saigon ní 1965 sí 1966. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe fíìmù Good Morning, Vietnam ní 1987, òun fúnra rẹ̀ sì padà kàwé di lọ́yà. Ó kú ní 2018, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kú. Ilé-ìkàwé ìjọba àpapọ̀ wọn sì tọ́jú àwọn àwo tí rédíò ológun náà ń lò.

Tí ẹ bá ní ti Amẹ́ríkà jìnnà, ẹ jẹ́ ká lọ sí Guinea, nítòsí wa níbí. Ní 1985, nígbà tí àwọn ṣọ́jà kan gbìyànjú láti gbàjọba lọ́wọ́ Lansana Conté, wọ́n ju àdó olóró lu ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn wọn ní Conakry. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé téèpù orin ibẹ̀ ti run. Láti 2008, ọ̀mọ̀wé ará Australia kan, Graeme Counsel, bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rédíò náà, owó ètò ilé-ìkàwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n máa parí ní 2013, orin 9,410 ni wọ́n ti dà sínú kọ̀ǹpútà. Guinea ò lówó jù wá lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń tọ́jú téèpù wọ̀nyẹn nínú yàrá gbígbóná títí olùrànlọ́wọ́ fi dé.

Ẹnìkan máa béèrè pé, ṣé òfin gbà á? Ìbéèrè lọ́yà nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n fi èdè tó yé wa dáhùn. Òfin kọ́píráìtì wa ti 2022 fún ètò tí rédíò gbé sáfẹ́fẹ́ ní ààbò àádọ́ta ọdún, wọ́n sì ń kà á láti ìparí ọdún tí wọ́n gbé e jáde. Tí a bá fi èyí wọn ètò tó jáde ní 1976, ìparí 2026 ni ààbò rẹ̀ tán. Ti 1984, ó di ìparí 2034. Ẹ ti rí ibi tí ìṣòro wà báyìí: téèpù tó wà nínú páálí lábẹ́ òrùlé páànù ò lè dúró de àádọ́ta ọdún òfin. Kí òfin tó tú u sílẹ̀, ọ̀rinrin á ti jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà ṣí ilẹ̀kùn fún ilé-ìkàwé àti ilé ìtọ́jú ìwé àtijọ́ láti ṣe ẹ̀dà fún ìpamọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi òfin ṣe àwáwí. Títọ́jú ohùn yàtọ̀ sí títà á lọ́jà.

Ìkejì, Òfin Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti 1970 ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ fún ìpamọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé ni òfin náà dá lé, kì í ṣe ètò rédíò. Ẹ̀wẹ̀, ìwé òfin 1999 fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti ṣòfin lórí ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Rédíò Kwara jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, owó aráàlú ni wọ́n fi gba ohùn sórí téèpù rẹ̀. Kí ló dé tí ilé aṣòfin Kwara ò lè ṣòfin kékeré kan pé àkọsílẹ̀ ìlú ni téèpù àti fáìlì ohùn, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ láìṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀, àti pé kí ẹ̀dà kan máa wà ní yunifásítì? Kò ní ná wọn tó owó títì kan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní, ohùn adìtẹ̀gbàjọba ṣe fẹ́ ṣe wá lóore? Ṣé kí a máa tọ́jú ohun tó bà wá nínú jẹ́? Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká wa. Mali, Guinea, Burkina Faso, Niger, àwọn ṣọ́jà ti gbà á láàárín 2020 sí 2023. Lọ́jọ́ 7, oṣù Kejìlá, 2025, àwọn ṣọ́jà kan bọ́ sórí tẹlifíṣàn ìjọba ní Benin, wọ́n láwọn ti gbàjọba, kó tó di pé wọ́n ká wọn lápá kò. Benin yẹn rèé, tó bá Kwara pààlà ní Baruten. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan sì wà lórí Facebook tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ṣọ́jà, nítorí pé ebi ń pa wọ́n, inú sì ń bí wọn sí àwọn olóṣèlú. Èmi ò bá wọn jà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n gbọ́ ọ. Kí wọ́n gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlérí kan náà, láti 1966 títí dé 1993. Kí wọ́n gbọ́ ohùn Orkar ní 1990, bó ṣe fẹnu lásán yọ ìpínlẹ̀ márùn-ún kúrò lára Nàìjíríà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí wọ́n sì gbọ́ ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀rín. Ìwé ìtàn lè sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn. Téèpù ló máa jẹ́ kó o gbọ́ ẹ̀rù náà.

Ìpínlẹ̀ yìí sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan. Ẹ̀sìẹ́, níbí ní Kwara, ni wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ sí ní gbogbo Nàìjíríà ní 1945, nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Tí a bá lè kọ́lé fún òkúta tí kì í sọ̀rọ̀, ó yẹ ká lè wá yàrá kan tó tutù fún ohùn àwọn tó bá wa sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ náà ò ní láti dúró de ìjọba. Kí ilé-iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan ní Ìlọrin ka ohun tó wà nínú ìṣúra rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Yunifásítì Ìlọrin àti KWASU rán àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn lọ sọ́dọ̀ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ti fẹ̀yìntì, kí wọ́n bi wọ́n pé: ta ni ẹ jọ ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ tí orin ṣọ́jà dún? Kí wọ́n gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n kọ orúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní téèpù nílé, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì ṣe bíi tèmi. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ gbé e kúrò níbi tó gbóná, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ sára rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kẹ́ ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá ti dà á sínú kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbi mẹ́ta.

Àwọn páálí ìyá yẹn ti kúrò nínú ilé páànù báyìí, wọ́n wà nínú yàrá tó gbẹ. Téèpù ńláńlá mẹ́fà náà ṣì ń dúró de ẹ̀rọ tó máa gbé wọn. Kásẹ́ẹ̀tì 1984 yẹn wà lọ́wọ́ mi nínú àpò ìwé, mẹ́rin tó já sí, bóyá ẹnìkan á lè so ó. Mi ò tíì mọ orúkọ olórin tí bàbá náà fẹ́ gbé sí i. Ìyá náà ò rántí.